Ẹfọ̀n Tí Mo Wọ̀n, Tí Mo sì Dákẹ́

Àwọn tó mọ̀ mí ní Rexdale mọ̀ pé ẹnu mi mú. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé wa lọ sókè nínú ilé wa bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi ni mo lọ dúró ní ọ́fíìsì onílé títí wọ́n fi pe ẹni tó tún un ṣe. Nígbà tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń di adìyẹ sínú páálí, fẹ́ kí a máa fi àkókò oúnjẹ wa ṣiṣẹ́, èmi ni mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé kò ṣeé ṣe. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, máa ń sá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá akáṣíà jà ní ṣọ́ọ̀bù. Irú obìnrin tí mo jẹ́ nìyẹn. Ẹ wá wo bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe gbé gbólóhùn kan ṣoṣo mì, tí ẹran kan sì kú nítorí rẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ni mo kà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, pàápàá bí a ṣe ń yan akọ àti abo kí ọmọ wọn lè dára ju àwọn méjèèjì lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ló kọ́ mi. Tí wọ́n bá wọ kíláàsì, àwọn tó ń sùn lẹ́yìn pàápàá á jí. Prof ni n ó máa pè wọ́n níbí, torí bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, ní Ìbàdàn àti ní Kánádà. Ẹ má sì bínú pé mò ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ wọn nínú ìwé ìbínú. Ahọ́n mi ò tíì kọ́ bí a ṣe ń ṣe é lọ́nà mìíràn.

Ọdún kan lẹ́yìn tí mo dé Toronto ni mo rí Prof ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irun wọn ti funfun báláú, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Burlington. Mo kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, tèmi ti bàtà tí yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀.

“Ah! My student!” ni wọ́n wí. “Ìwọ lo wà níbí? Kí lò ń ṣe?”

“Adìyẹ ni mò ń dì, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Prof ò lè jókòó lásán. Wọ́n kó ìdílé márùn-ún jọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn Burlington, wọ́n sì ra abo ẹfọ̀n odò mẹ́tàlá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹfọ̀n inú igbó tí àwọn ọdẹ ilé wa ń sá fún o. Ẹran ilé ni, dúdú, tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, tó fẹ́ràn ẹrẹ̀ àti omi, tí wàrà rẹ̀ sì ki ju ti màlúù lọ. Tí òtútù bá dé, inú ilé ẹran ni wọ́n ń wà, torí tí a bá fi wọ́n síta, etí wọn á gan, ṣóńṣó ìrù wọn á sì já bọ́.

Àgbẹ̀ tó tà wọ́n ti ń fi akọ kan náà gun àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbátan ń gun ìbátan, wọ́n sì ń kéré sí i. Ohun tí Prof fẹ́ ni pé kí a mú àtọ̀ akọ ẹ̀yà mìíràn wọlé, ẹ̀yà ńlá, kí àwọn ọmọ lè tètè dàgbà, kí wọ́n sì lẹ́ran lára. Èrò gidi ni, mi ò sì bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí dòní. Oko kékeré bíi tiwa ò lè rọ́wọ́ mú pẹ̀lú ẹran tó ń jẹ koríko ọdún mẹ́ta tí kò sì tíì tóbi ju ewúrẹ́ àgbà lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ méjì tó jìnnà síra bá pàdé, ọmọ a máa lágbára ju bàbá àti ìyá lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Prof ní kí n wá máa bójú tó àwọn ẹran náà ní òpin ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nínú ọkọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè tó kan ohun tí mo kàwé fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó wà lára ohun tó dí mi lẹ́nu.

Abo ẹfọ̀n kì í pariwo tí ara rẹ̀ bá ń fẹ́ akọ. Màlúù a máa ké, a máa gun ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹfọ̀n á kàn dúró bí ẹni tó ń ronú. Ó di kí èèyàn mọ̀ ọ́n wò. Mo máa ń débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, n ó máa wo ìrù wọn, n ó máa wo ẹni tí ò jẹun tán àti ẹni tó ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ni mo máa ń ti ọwọ́ bọ̀ wọ́n nínú kọjá ìgbọ̀nwọ́, láti fi àtọ̀ náà síbi tó yẹ. Mo gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí níbí. Òun ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé, kò sì sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, Prof ní kí n wọn gbogbo abo náà, kí n kọ ìwọ̀n wọn sínú ìwé, kí àwọn lè mọ àwọn tí akọ ńlá yẹn máa fún lóyún. Téèpù ni a fi ń wọ̀n wọ́n. A ó fà á yí àyà ẹran ká, òǹkà ara rẹ̀ á sì sọ bí ẹran náà ṣe wúwo tó. Mẹ́wàá nínú wọn ti bímọ rí, wọ́n sì tóbi tó. Mẹ́ta ò tíì bímọ rí. Èyí tó kéré jù nínú àwọn mẹ́ta yìí ni èyí tí nọ́ńbà etí rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń pè é: Mọ́kànlá. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Tí mo bá ti dé, á wá fi imú rẹ̀ tó tutù ti àpò kóòtù mi, á máa wá ohun tí mo mú bọ̀.

Òfin kan wà tí Prof fi kọ́ wa ní Ìbàdàn. Abo tí a ó fún lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n ìyá rẹ̀. Tí akọ bá jẹ́ ẹ̀yà ńlá, kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ lè fi títóbi jọ bàbá, ìbàdí ìyá ló sì máa gbà kọjá. Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n fún ní òdo nítorí òfin yìí. Mọ́kànlá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn méjì yòókù sàn díẹ̀, àmọ́ àwọn náà ò tó. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìwọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún Prof.

Wọ́n gbé ìwé náà jìnnà sójú. Wọ́n ṣí i síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn, wọ́n mi orí.

“Good work,” ni wọ́n wí. “Gbogbo wọn. Fún gbogbo wọn lóyún.”

“Gbogbo wọn, sà? Àti àwọn tí ò tíì bímọ rí?”

“Ṣé mo ní kí o yọ ìkankan sílẹ̀ ni? Ó dáa kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Yes, sir.”

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti rò ó títí orí fi fọ́ mi. Kí ló dé tí mi ò sọ pé, “Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà pupa yẹn”? Nílé wa, wọ́n tọ́ mi dàgbà pé a kì í tọ́ka àṣìṣe àgbà sí i lójú. Mo tún rò pé Prof ti rí i, pé nǹkan kan wà tí wọ́n mọ̀ tí èmi ò mọ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe yẹn pa mí lẹ́nu mọ́. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí kí Prof má lọ dá mi padà sídìí adìyẹ nìkan. Mo kórìíra ara mi nítorí ìyẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Nínú àwọn mẹ́ta náà, Mọ́kànlá ló kọ́kọ́ fẹ́ akọ, lóṣù karùn-ún náà. Ó tó bí oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà kí àwọn méjì yòókù tó tẹ̀lé e. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún wọn lóyún. Mọ́kànlá dúró jẹ́ẹ́, kò tiẹ̀ ta ẹsẹ̀, torí ó fọkàn tán mi.

Lọ́jọ́ kan nínú ìgbà òtútù, ọmọ mi tẹ̀lé mi lọ sí oko náà. Inú Mọ́kànlá ti tóbi débi pé ó ń rọra gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ó yọ lẹ́nu mi pé ẹran yẹn kéré jù fún oyún tó gbé. Ọmọ mi yọ nǹkan orin kúrò létí.

“So did you tell Prof?”

“Prof mọ̀.”

“But did you tell him, Mummy?”

“Ṣé o mọ irú èèyàn tí Prof jẹ́ ni? A kì í bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó wò mí. “You yelled at a whole cashier about tomatoes.”

Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ó sì pa á mọ́. Inú bí mi títí a fi dé Rexdale. Mo ṣì lè pe dókítà ẹran lọ́jọ́ yẹn kó wá wò ó. Mi ò pè é.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lóṣù kẹta, lẹ́yìn ìsìn. Oòrùn ràn, àmọ́ yìnyín ṣì bo pápá. Èmi àti Prof la jọ wọ ilé ẹran. A bá Mọ́kànlá ní ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọmọ méjèèjì sì ti yọ síta. Mo wo pátákò ọmọ náà. Ó tóbi bíi tàwọn ọmọ tó ti lo oṣù kan láyé. Mo fọ ọwọ́, mo tì í bọ inú rẹ̀. Orí ọmọ ti há sẹ́nu egungun ìbàdí, kò sì sí àyè tó máa gbà kọjá. Mo ti mọ̀ pé kò ní sí. Ó ti wà nínú ìwé láti oṣù karùn-ún.

Prof dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbàdúrà sókè. “Fà á! Pull, pull, ó ń bọ̀!”

“Kò lè gbà, sà. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà.”

“Gbìyànjú díẹ̀ sí i ná.”

Mo tún gbìyànjú díẹ̀ sí i. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ mi wà nínú ẹran, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kérora, mo tún gbọ́ràn! Wákàtí kan gbáko ni mo fi gbọ́ràn kí n tó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ yọ fóònù lápò.

Dókítà ẹran jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó tó dé, ọmọ ti kú sínú ìyá. Ó fi okùn àti irin fà á jáde. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ọmọ náà rẹwà: àyà rẹ̀ gbòòrò, itan rẹ̀ kún. Ohun tí Prof ń wá gan-an ni, àfi pé kò mí. Mọ́kànlá gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú. Ó tún dìde, ó tún ṣubú. Dókítà ní orí ọmọ ti tẹ iṣan inú ìbàdí rẹ̀ pa. Ó wá bi wá pé ta ló wọ̀n ọ́n kí a tó fún un lóyún. Kí n tó la ẹnu, Prof ti fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé òtútù ọdún yìí ló sọ ọ́ di aláìlera.

Ọjọ́ méjì la fi ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà padà wá, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó fi kú. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó wúwo.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò. Ọ̀kan nínú wọn kí Prof pé wọ́n kú ìṣe bàbá, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo jáde síta kí n má baà sọ̀kò ọ̀rọ̀. Àgbà wà lọ́jà o! Ó wọ kóòtù, ó ń gbàdúrà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Nígbà tó di Sátidé, Prof ní kí n wá bá àwọn nílé ní Burlington, kí n mú ìwé àwọn ẹran lọ́wọ́. A jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ.

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé òtútù ló pa á,” ni wọ́n wí. “Cold stress. Kí àwọn ìdílé yòókù lè rí i kà.”

Mo mú bírò. Mo gbé e sílẹ̀.

“Prof, kì í ṣe òtútù, sà. Ẹran yẹn kéré jù. Mo wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́, mo sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.”

“Ìlà pupa wo?”

“Èyí tí ẹ wò, tí ẹ sì mi orí sí.” Mo ṣí ìwé náà, mo tì í síwájú wọn.

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́ imú. Ìka wọn ń wá ìlà náà kiri, ibi tí kò sí nǹkan kan ló sì dúró sí. Ìgbà yẹn ló yé mi.

“Prof, ẹ ò ríran.”

“Mò ń ríran. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni . . .” Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀. “Ó ti tó ọdún méjì. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Jọ̀ọ́, don't tell anybody.”

Ó yẹ kí àánú wọn ṣe mí. Kò ṣe mí. Bí àánú bá wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ Mọ́kànlá ló wà. Wọ́n wá gbé ojú sókè, ohùn kíláàsì Ìbàdàn sì padà sẹ́nu wọn.

“Àmọ́ ìwọ ríran! O rí i, o mọ̀, o sì dákẹ́! Kí ni mo pè ọ́ sí oko náà fún? Kí o máa sọ yes sir fún mi? Àwọn tó ń sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì pọ̀ tó ni?”

Mo ti dìde dúró kí n tó mọ̀. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà! Ta ló sọ no sir fún yín rí tó yege? Ẹ kọ́ wa ní òfin, ẹ tún kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ fi òfin náà bá yín sọ̀rọ̀!”

Òwe Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ti oko wa, ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́, ẹni tó yẹ kó bi í ń díbọ́n pé òun ń kàwé. Ìtìjú tèmi àti ìtìjú tiwọn ló para pọ̀ pa ẹran tí kò ṣẹ̀ wá.

Prof ti ìwé náà padà sí mi. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

“Mélòó ló kù?”

“Méjì, sà. Wọ́n máa bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún.”

“Ṣé wọ́n tó?”

“Wọn ò tó, sà.”

Gbólóhùn tí mo gbé mì fún oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Kò tiẹ̀ gùn.

Mo pe dókítà ẹran níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé méjì mìíràn tún wà, pé akọ kan náà ló ni oyún wọn, mo sì ka ìwọ̀n wọn sí i létí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á wá wò wọ́n lọ́jọ́ Ajé, pé tí ọjọ́ tí mo kọ pé wọ́n lóyún bá péye, òun lè ṣí wọn níkùn ní kété tí àkókò bá tó, kí ọmọ tó há, bóyá a ó rí ìyá gbà, bóyá a ó rí ọmọ náà gbà. Ó bi mí pé ta ló fún wọn lóyún. Mo ní èmi ni. Ó tún bi mí pé, ó dáa, ta ló yan akọ yẹn fún àwọn abo tó kéré báyìí, òun ní láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Prof gbọ́ ìbéèrè náà látinú fóònù, wọ́n ń wò mí. Mo mọ ìwò yẹn dáadáa. Bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tó bá wà nítòsí nìyẹn, kí ọmọ náà gba ẹrù lórí òun láìjẹ́ pé òun la ẹnu. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbà á, tèmi ti ìkúnlẹ̀.

Mo tẹ ibi tí ohùn máa ti jáde síta, mo sì gbé fóònù náà sórí tábìlì níwájú wọn.

“Prof,” ni mo wí, “ẹ̀yin ni wọ́n ń bi.”